Ó Ní Kí N Gbé Ìka Mi Sókè

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lónìí pé ọmọ ìlú mi lòun, ọwọ́ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má tíì pè mí ní onínú burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dá mi lẹ́bi tí ẹ bá lè dá mi lẹ́bi.

Télọ̀ ni mí, ní Onitsha níbí. Bàbá mi ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń rán kóòtù àti ṣòkòtò fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Èdè Ìgbò ni mo fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré kí n tó mọ̀ pé èdè tí à ń sọ nínú ilé kì í ṣe ti gbogbo ayé. Nígbà tí Bàbá kú, tí ìyá mi padà sílé, ṣọ́ọ̀bù di tèmi. Obìnrin tó ń rán kóòtù ọkùnrin kò wọ́pọ̀. Àwọn oníbàárà tuntun a wò mí látòkè délẹ̀, wọn a bi mí pé ọ̀gá ńkọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀gá ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ bọ́ síbí kí n wọn èjìká yín.

Yàtọ̀ sí aṣọ, ohun kan ṣoṣo ló tún wà tí ọkàn mi ń fà sí: gìtá béèsì. Gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn nì, tí ohùn ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbá ni láyà kó tó dé etí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì sìn, inú akọrin ni mo wà láti kékeré, àmọ́ etí mi kì í sí lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń kọrin. Ìdí béèsì ló máa ń wà. Ẹni tó ń ta á nígbà náà, bí ẹni ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ló ṣe ń ta á, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí a ò tíì rí òmíràn.

Báńkì ló gbé Bọ̀ọ̀dá wá. Bọ̀ọ̀dá ni mo pè é láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì ní pè é ní orúkọ míì níbí. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá sí ẹ̀ka wọn ní Onitsha, ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá ẹni tó ń ta béèsì, ó ní kó jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Kò fi ìka fa okùn bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Eegun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ló fi gbá a, gbàà! Ó fi ìka ìfábẹ̀là kọ́ okùn tínínrín lábẹ́, ó fà á, ó jù ú sílẹ̀, okùn náà dún tàì, bí ìgbà tí bọ́tìnnì bá já lára ẹ̀wù tó fún. Gbàà-tàì, gbàà-gbàà-tàì. Àwọn tó ti ń lọ sílé padà wọlé. Sìlápù ni wọ́n ń pe irú títa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara mi ló dìde.

Mo lọ kí i. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi kí i, àmọ́ orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ló bá la ojú, ó ní, "Háà! Ọmọ káàárọ̀-oò-jíire! Ọmọ ibo?"

Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó kígbe débi pé àwọn tó ń to àga yíjú wò wá. "Ọmọ ìyá mi rèé! Nínú Onitsha!" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, kò tètè fi í sílẹ̀. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ti kú, tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ Yorùbá ju orí fóònù lọ, tó wá gbọ́ "ọmọ ìyá mi" lójúkojú, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa rí lára ẹ̀. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnu Bọ̀ọ̀dá. Kò gbọ́ kékeré nínú èdè Ìgbò, kò sì gbìyànjú àtigbọ́. Èmi ni mo bá a wá ilé sí Obosi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, èmi ni mo bá onílé dúnàádúrà. Èmi ni mo mú un lọ sí Main Market lọ ra kọ́tìnnì àti ìkòkò, tí àwọn oníbárò ń pariwo mọ́ wa lẹ́yìn pé ká yà. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá á dúró sáàárín wọn, á máa rẹ́rìn-ín, á máa wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí n óò fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. "Kí ló wí, àbúrò?" Ìbéèrè ẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń túmọ̀ ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kódà nígbà tí wọ́n bá ń bú u, torí mo gbà pé ẹni tó bá fi ẹnu ẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹni, kò yẹ kéèyàn rẹ́ ẹ jẹ.

Kò pẹ́ tí ẹni tó ń ta béèsì tẹ́lẹ̀ fi kó kúrò nílùú, ìdí béèsì sì di ti Bọ̀ọ̀dá. Mo rán ṣòkòtò fún un, mo rán ẹ̀wù fún un, n kì í gba nǹkan kan. Ọbẹ̀ tí mo bá sè lọ́jọ́ Sátidé, tiẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó wá bi mí pé kí lòun lè ṣe fún mi, n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi ní béèsì, Bọ̀ọ̀dá."

Ó wò mí. Ó ní, "Béèsì? Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kí àwọn akọrin tó pé jọ. Béèsì ògbólógbòó kan tí ṣọ́ọ̀ṣì ti pa tì la fi ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bọ̀ọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ́ mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́ mi pé ọrùn ọwọ́ ni kó ṣiṣẹ́, kì í ṣe apá, pé àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ gbá okùn kó sì tètè ta kúrò bí ìgbà tí ọwọ́ bá kan ayọ́ọ̀nù gbígbóná. Àtàǹpàkò mi lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. N kò ráhùn.

Ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí èèyàn bá ń ránṣọ, ọwọ́ òsì ló máa ń tẹ́ aṣọ pẹlẹbẹ kó má baà sá lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀. Ó kàn ń fara lé e ni. Bàbá mi kọ́ mi ní èyí kí n tó lè ka ìwé. Nígbà tí mo wá gbá ọrùn béèsì mú, ọwọ́ òsì mi ṣe bó ti máa ń ṣe: ìka kan tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, àwọn ìyókù sì sùn jẹ́jẹ́ lé àwọn okùn tó kù. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló mọ̀.

Bọ̀ọ̀dá rí i. Ó mú rúlà onígi mi lórí tábìlì, ó fi gbá mi níka.

"Gbé e sókè! Aṣọ kọ́ lò ń rán. Ìka kan péré ni kó kan okùn, kí àwọn ìyókù dúró lókè."

Mo gbé e sókè. Kò pẹ́, ó tún sùn lé e. Ó tún gbá mi. Mo wo ọwọ́ tiẹ̀ náà, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, àmọ́ ìka tiyín náà ń sùn lé okùn."

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Àṣà burúkú ni, àbúrò. Ẹni tó kọ́ mi kò bá mi wí, ó sì ti mọ́ mi lára. Má kọ́ àṣà burúkú tèmi."

Èmi sì dúpẹ́! Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ kí n mọ àṣà burúkú òun kí n lè yà kúrò níbẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé àwọn èèyàn bí èyí ò wọ́pọ̀ mọ́.

Ìka mi ò gbọ́ràn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé rọ́bà ṣòkòtò, mo fi so àwọn ìka tó ń sùn yẹn mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́, kí wọ́n lè dúró lókè tipátipá. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ, màá so rọ́bà, màá máa ta béèsì títí ìka á fi kú tipiri. Àwọn aládùúgbò bi mí bóyá mo fi ọwọ́ ṣẹ́ ni. Mo ní rárá, iṣẹ́ ni mò ń kọ́.

Nígbà tí ìka wá gbọ́ràn tán, wàhálà mìíràn dé. Bí mo bá gbá okùn kan, àwọn tó kù á máa kùn sí i: húùùù, bí ilé oyin. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Ó wò yíká ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn fóòmù tí mo máa ń fi sí èjìká kóòtù, ó mú ọ̀kan, ó fi síṣọ́ọ̀sì mi gé e, ó fi há abẹ́ okùn nísàlẹ̀ gìtá. Húùù náà kú.

"Ṣé o rí i? Ó tán."

Ó tán lóòótọ́, àmọ́ ohùn béèsì náà bá a lọ. Ó wá ń dún bí ẹni tó da aṣọ òtútù borí tó ń sọ̀rọ̀. Ká ní mo jẹ́ kí etí mi sọ̀rọ̀ ni, ì bá ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ló ṣe é, ta ni èmi? Láti ọjọ́ yẹn, fóòmù wà nínú béèsì, ìka mi wà lókè, mo sì rò pé mo ti ń di ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ fún àwọn akọrin pé báńkì fẹ́ gbé òun kúrò. Gbogbo wọn pariwo, "Ewoo!" Ní ọ̀nà ilé, ó sọ fún mi pé, "Má sunkún. Ìdí béèsì yẹn, tìẹ ni. Mo ti sọ fún ọ̀gá akọrin pé kó gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé." Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní ibi tí wọ́n bá rán èèyàn là ń lọ.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó lójú mi. N kò lọ́kọ, n kò bímọ, ṣọ́ọ̀bù tí mò ń jókòó sí, ti bàbá mi ni. Ìdí béèsì yẹn ni yóò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ láyé tí màá fi ọwọ́ ara mi gbà. Mo gbé aṣọ kóòtù dáradára kan kalẹ̀, aláwọ̀ aró, tí mo ti ń tọ́jú láti ayé Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi rán kóòtù ìdágbére fún Bọ̀ọ̀dá, mo sì sọ fún un.

Sátidé dé. Ọ̀gá akọrin wa, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, ọmọ Onitsha gan-an, kì í fẹ́ ìranù. Mo jókòó, mo gbá béèsì. Kò pẹ́ rárá tó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Wetin dey inside that guitar?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì fa fóòmù yọ, ó gbé e sókè bí òkú eku. Ó ní kí n máa ta á lọ.

Ẹ gbà mí o! Mo gbá okùn kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáhùn. Mo fa ọ̀kan, àwọn tó kù gbà á lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ń han lọ. Bí mo ṣe ń le sí i ni ariwo náà ń le sí i, orin náà sọnù sínú húùù. Ẹnì kan láàárín àwọn olóhùn òkè bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí. Ọ̀gá akọrin di etí, ó kọjú sí Bọ̀ọ̀dá.

"Oga, you no teach am how to mute?"

Ìyẹn ni pé, ṣé ẹ ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa okùn lẹ́nu mọ́ ni? N kò tíì gbọ́ pé wọ́n ń pa okùn lẹ́nu mọ́ rí láyé mi. Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Ọkàn mi balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi balẹ̀ pé yóò sọ̀rọ̀ gbè mí.

Bọ̀ọ̀dá mi orí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. "I don tell am tire," ló wí. "She no dey hear word."

Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá dídùn sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́, àbúrò. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni béèsì wà fún."

Ẹ mọ ohun tó ń bí mi nínú jù títí dòní? Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wá inú orí mi kiri, mo ń bi ara mi pé ọjọ́ wo ló sọ ọ́ fún mi tí n kò gbọ́.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń tú ká, ẹni tó ń ta gìtá kékeré wá jókòó tì mí. Aṣọ kọ́tìnnì ló ń tà ní Main Market. Ó máa ń fi èèyàn ṣẹlẹ́yà, n kì í fẹ́ kó sún mọ́ mi, torí Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún mi pé irú wọn ò ṣeé bá rìn. Kò ṣẹlẹ́yà lọ́jọ́ yẹn.

"Nne, who tell you make you dey raise that hand?"

"Na my oga."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu ẹ̀. Ó yí sí èdè Ìgbò, ó ní, "Télọ̀ kọ́ ni ẹ́ ni? Báwo lo ṣe ń di aṣọ mú lábẹ́ ẹ̀rọ?"

Mo tẹ́ ọwọ́ òsì sórí itan mi, mo fi hàn án.

"Ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ náà lé ọrùn béèsì. Mo jẹ́ kí àwọn ìka tí mo ti fi rọ́bà dè sùn lé okùn. Mo gbá a. Gbàà. Okùn kan péré ló fọhùn, àwọn tó kù pa ẹnu wọn mọ́. Mo fà á, tàì, ó sì dákẹ́ nígbà tí mo ní kó dákẹ́. Ó mọ́ tónítóní. Ohun tí mo ti ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn, tí Bọ̀ọ̀dá fi rúlà gbá kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sunkún débi pé ọkùnrin náà ò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó kàn ń sọ pé "Ndo, ndo," pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Obosi. Bọ̀ọ̀dá wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo bọ́ọ̀lù. N kò kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ní kí n gbé ìka mi sókè?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Nígbà tó rí i pé n kò jókòó, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. "Jókòó, àbúrò. Asaba ni wọ́n gbé mi lọ."

Asaba! Bí èèyàn bá dúró létí Odò Ọya ní Onitsha, yóò rí òrùlé Asaba ní òdìkejì. Afárá kan ló wà láàárín.

"Mo ti bá ọ̀gá akọrin sọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé màá máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ló wí. "Ó sì gbà, nígbà tí kò sí ẹlòmíì. Bí mo bá kọ́ ẹ ní gbogbo ẹ̀, kí ni wọn óò máa pè mí fún? N kò gbọ́ èdè wọn. N kò ní ẹbí níbí. Béèsì yẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí. Ó yẹ kó yé ẹ ju gbogbo wọn lọ, ọmọ ìlú kan náà ni wá."

"Ẹbí wo lẹ ò ní níbí?" ni mo bi í. "Èmi ńkọ́?"

Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún pè mí. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ó ní, "Kóòtù mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń parí?"

Mo parí kóòtù náà. Mo rò ó láti fi fóòmù tó gé yẹn sí èjìká kan kó lè máa rìn ní gẹ̀rẹ́ káàkiri Asaba, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ò ba aṣọ jẹ́ rí. Ọwọ́ yẹn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Ẹ wá wo ìyà! Ìka tí mo ti fi rọ́bà kọ́ láti dúró lókè kò mọ bó ṣe ń wálẹ̀ mọ́. Kì í ṣe lórí béèsì nìkan, lórí aṣọ pẹ̀lú. Mò ń rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan lọ́wọ́, ìka mi kàn ta sókè fúnra ẹ̀, aṣọ sá, abẹ́rẹ́ gba ibi tí kò yẹ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo wo ẹ̀wù tó bàjẹ́. Ọkùnrin yìí ti fi irọ́ ẹ̀ wọ inú ọwọ́ tí bàbá mi fún mi. Mo gbé e ṣépè lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún gbé e ṣépè.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ àkísà ni mo fi kọ́ ọwọ́ náà: tẹ́ ẹ, má tẹ̀ ẹ́, má fi í sílẹ̀. Bó ti ń yé e lórí aṣọ, mo ń gbé e lọ sórí béèsì.

Bọ̀ọ̀dá ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè bó ti wí, ó ń ta béèsì, wọ́n ń yìn ín. Ó máa ń kí mi, "Àbúrò, ṣé dáadáa ni?" Màá dáhùn. Títí di Sọ́ńdè kan tí tírélà kan dábùú sórí afárá, tí ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí béèsì ṣófo. Ọ̀gá akọrin wo aago, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹni tó ń ta gìtá. Ìyẹn fi àgbọ̀n júwe mi.

"Nne, bịa," ni ọ̀gá akọrin wí, pé kí n wá.

Mo jókòó sídìí béèsì. Mo tẹ́ ọwọ́ òsì lé okùn. N kò ní sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, okùn kan wúkọ́ lẹ́sẹ̀ kejì orin àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orin ọpẹ́, tí gbogbo ìjọ dìde tí wọ́n ń jó, gbàà-tàì mi ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó sì mọ́. Ìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá wọlé. Kóòtù aláwọ̀ aró yẹn ló wọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ òsì mi.

Bí ìsìn ṣe parí, àwọn akọrin yí mi ká. Ọ̀gá akọrin rí Bọ̀ọ̀dá, ó na ọwọ́ sí i. "Oga, you try! You teach this woman well."

Bọ̀ọ̀dá la ọwọ́ méjèèjì. "Na my sister. Na me train am from beginning. Today she don finally hear word."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Fún un! Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Mo lè fi pijin sọ ọ́. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, kó lè wà láàárín àwa méjèèjì, torí pé nínú gbogbo ẹ̀ náà, mo ṣì ń bò ó láṣìírí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé ìka mi sókè."

Ọwọ́ ẹ̀ kúrò léjìká mi. Ọ̀gá akọrin bi í pé, "Wetin she talk?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó wo àwọn èèyàn. Ó ní, "She dey thank me. She say make God bless me."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tó ti dé ìlú, tí n kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un rí, tí n kò yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀ rí! Nǹkan kan já nínú mi.

Mo kọjú sí ọ̀gá akọrin, mo sì sọ ọ́ lédè Ìgbò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: rúlà, ìka, rọ́bà, fóòmù, Asaba. N kò pariwo. Ọ̀gá akọrin bọ́ awò ojú ẹ̀, kò nù ún, ó kàn dì í mú. Ẹni tó ń ta gìtá ń wo ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dúró sáàárín wa nínú kóòtù tí mo rán, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo wí, àbúrò?" ló bi mí.

N kò túmọ̀ ẹ̀ fún un.